Ọmọ mi fẹ́ máa lọ kíláàsì ẹ̀sìn àwọn Mọ́mọ́nì: ṣé kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù mẹ́ta rèé tí a kó láti Houston wá sí Utah nítorí iṣẹ́ baálé mi. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá láti ilé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, mú fọ́ọ̀mù kan dé láti ilé ìwé ìjọba tó ń lọ. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kí ó lè máa kúrò nínú ọgbà fún píríọ́dù kan, kó máa sọdá títì lọ sí ilé kékeré kan tí àwọn Mọ́mọ́nì kọ́ sí òdìkejì. Sẹ́mínárì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé ṣé fádà ló fẹ́ lọ dà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun ló ń lọ.

Ohun tó tún dà mí láàmú ni pé dókítà eyín tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni wọ́n ní ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wọn. Mo rí i ní Sátidé tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń gé koríko. Bíṣọ́ọ̀bù wo nìyẹn? Ta ló ń darí àwọn èèyàn yìí gan-an, ta ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ? Tí mo bá fọwọ́ sí i, ṣé mo ti fa ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn?

* * *

ÌDÁHÙN KÌÍNÍ

Ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì, ìjọ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni mí, kí ẹ ti mọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ tó ka èyí tó kù. Èkó ni wọ́n ti rì mí bọmi ní 1996. Nígbà tí a dé Texas, mo kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́mínárì fún ọdún mẹ́fà, ọkọ mi sì ṣe bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún márùn-ún láìgba owó. Ohun tí ojú mi rí nínú kíláàsì àti nínú ilé wa ni mo fẹ́ sọ.

Rárá, fífọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn kò sọ ọmọ yín di Mọ́mọ́nì. Ìjọ náà kì í ri ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 bọmi àfi tí òbí rẹ̀ bá gbà. Ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ìjọ sì lè jókòó nínú kíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó má di ọmọ ìjọ láéláé. Síbẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí olùkọ́ náà lójúkorojú. Orí èèyàn tí wọ́n bá pè sídìí iṣẹ́ ni gbogbo nǹkan dúró lé nínú ìjọ yìí. Bí ẹni náà bá ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ máa rí.

Ọ̀rọ̀ sẹ́mínárì yìí máa ń da àwa ọmọ Nàìjíríà láàmú, torí ní ilé, ibi tí àwọn Kátólíìkì ti ń kọ́ ẹni tó fẹ́ di fádà la mọ̀ sí sẹ́mínárì. Ti àwọn Mọ́mọ́nì kò rí bẹ́ẹ̀. Kíláàsì ìwé mímọ́ ni, fún ọmọ ọdún 14 sí 18, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe é, ìwé mẹ́rin ni wọ́n sì ń kà: Májẹ̀mú Láéláé, Májẹ̀mú Tuntun, Ìwé ti Mọ́mọ́nì, àti Ẹ̀kọ́ àti àwọn Májẹ̀mú. Láti 2020 ni wọ́n ti mú un bá ohun tí gbogbo ìjọ ń kà lọ́dún náà dọ́gba, kí ọmọ àti òbí lè jọ máa ka ibì kan náà. Tí ẹ bá mọ ìwé tó kan lọ́dún yìí, ẹ ti mọ bóyá Bíbélì tí ẹ̀yin náà ń kà ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, tàbí ìwé tí kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Èwo ni ti òdìkejì títì? Òfin Amẹ́ríkà ló fà á. Ní 1912 ni wọ́n kọ́ sẹ́mínárì àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé Granite High School ní Salt Lake City, kí ọmọ lè sáré lọ sáré bọ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1948, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lórí ọ̀ràn kan láti Illinois pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀sìn nínú yàrá ilé ìwé ìjọba. Ní 1952 wọ́n dá ti New York, wọ́n ní ọmọ lè jáde lọ kọ́ ẹ̀sìn rẹ̀ níta tí òbí bá fọwọ́ sí i, tí owó ìjọba kò sì sí níbẹ̀. Ibi tí fọ́ọ̀mù yín ti wá nìyẹn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún sọ ní 1981, lórí ọ̀rọ̀ kan láti Logan níbẹ̀ ní Utah, pé ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ ka ẹ̀kọ́ náà mọ́ máàkì ọmọ.

Kí ìyẹn má bọ́ mọ́ yín lójú o. Píríọ́dù tó bá fi lọ síbẹ̀ kò ní máàkì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé, kí ni ó máa fi sílẹ̀?

* * *

ÌDÁHÙN KEJÌ

Ẹnì kan kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé irọ́ ni, pé kò sí bíṣọ́ọ̀bù tí kì í gbowó. Mo fẹ́ dáhùn èyí dáadáa, torí ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ dókítà eyín fi ń ya màmá yìí lẹ́nu.

Kọ́bọ̀ kò wọ ilé wa. Iṣẹ́ AC ni ọkọ mi ń ṣe. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ààrẹ èèkàn pè é lórí fóònù pé kí àwa méjèèjì wá rí òun. Kí n ṣàlàyé èèkàn: ìjọ kan, tí ó ní ààlà tirẹ̀ bíi àdúgbò, ni wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀dù, èyí tó bá kéré ni ẹ̀ka. Wọ́ọ̀dù bíi márùn-ún sí méjìlá ló ń di èèkàn kan. Inú Àìsáyà 54 ni wọ́n ti mú orúkọ náà, níbi tó ti ní kí a mú èèkàn àgọ́ le. Ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá rí i pé ọ̀rọ̀ náà gún: bí èèkàn kan bá yọ, aṣọ àgọ́ á gbọn.

A dé ọ̀dọ̀ ààrẹ náà, ó bi wá nípa ilé wa, nípa ìdámẹ́wàá, nípa bí a ṣe ń gbé pọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní Olúwa ń pe ọkọ mi láti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, pé olú ìjọ ní Salt Lake City ti fọwọ́ sí i. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé ìwọ náà á lè ràn án lọ́wọ́?" Ọkọ mi kò béèrè fún un. Kò sí ẹni tó ń béèrè fún un, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ń ṣe kámpéènì rẹ̀, ojú ọ̀tọ̀ ni wọn á fi wò ó. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e wọ́n ka orúkọ rẹ̀ sétí ìjọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì béèrè bóyá ẹnì kan lòdì sí i. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ní aago méje, orí òrùlé ló wà nínú oòrùn Texas tó ń tú kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Màmá, bí ti dókítà eyín yín ṣe rí nìyẹn. Ní Utah, ọmọ ìjọ pọ̀ débi pé wọ́ọ̀dù kan lè máà ju òpópónà mélòó kan lọ. Ẹ ò lè yan èyí tó wù yín bí a ti ń yan ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó. Ibi tí ilé yín bá bọ́ sí ni wọ́ọ̀dù yín. Ìdí nìyẹn tí bíṣọ́ọ̀bù fi jẹ́ aládùúgbò. Olùdámọ̀ràn méjì ló ń ràn án lọ́wọ́, akọ̀wé kan ń tọ́jú ìwé, obìnrin kan sì ń darí Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́ àwọn obìnrin, èyí tó ti wà láti 1842. Kò sí ẹni tó lọ kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn bíi ọdún márùn-ún, wọ́n á tú bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, á padà jókòó sórí àga bí gbogbo èèyàn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin lórin.

Wákàtí méjì ni ìsìn ọjọ́ Àìkú láti 2019. Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn sì ń ro wá. Wákàtí àkọ́kọ́, gbogbo ìjọ jọ wà pọ̀. Kò sí ìwàásù pásítọ̀. Àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú ló ń dìde sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún 13 lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí bàbá àgbà tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń pín oúnjẹ Olúwa, búrẹ́dì àti omi nínú ife kéékèèké. Mi ò lè gbàgbé ọmọ kan ní ọjọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Táì bàbá rẹ̀ ló wọ̀, ó gùn dé ìbàdí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé a ń gbọ́ bí àwọn ife náà ṣe ń lu ara wọn nínú àwo, láti ìlà àga kìíní dé ìkẹfà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ń sunkún.

Ohun tó mú mi dúró nínú ìjọ yìí nìyẹn, kí n má purọ́ fún yín. Wọ́n ń fi iṣẹ́ gidi lé ọmọdé lọ́wọ́.

* * *

ÌDÁHÙN KẸTA

Mo rí àwọn tó ń kọ pé, "Ẹ ò rí i, àwọn tí kò gbowó ló mọ iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe." Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ètò náà, ó sì ti dùn mí.

Ọkọ mi mọ AC. Kò mọ bí a ṣe ń bá ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ aago méjì òru ni fóònù á dún, á wọ ṣòkòtò, á jáde. Ọdún márùn-ún gbáko, a ò jọ jókòó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí orí pèpéle ni wọ́n ń jókòó sí. Èmi nìkan ni mo ń bá ọmọ mẹ́ta jà ní ìlà kẹta. Ìgbà kan wà tí ó gbàgbé ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin wa nítorí pé ó lọ bá ìdílé kan kó ẹrù. Ọmọ náà kò tíì gbàgbé.

Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé orí oyè. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ọkọ rẹ̀ ń lù, lọ bá bíṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà, iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe. Ó ní kí obìnrin náà padà sílé, kó gbàdúrà, kó mú sùúrù. Ó padà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin yẹn kò ní èrò ibi kankan, kò kàn mọ ohun tó yẹ kó ṣe ni, kò sì mọ̀ pé òun kò mọ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí, ti Mọ́mọ́nì tàbí ti Áńgílíkà tàbí ti Kẹ́rúbù: tí wọ́n bá na èèyàn tàbí tí wọ́n bá fọwọ́ kan ọmọdé, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bíṣọ́ọ̀bù lè wá gbàdúrà lẹ́yìn náà.

* * *

ÌDÁHÙN KẸRIN

Ọ̀rọ̀ owó, torí ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ti béèrè.

Ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé ni ọmọ ìjọ ń san. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè ná an fún ara rẹ̀. Èèyàn méjì gbọ́dọ̀ jọ ka owó náà lójú ara wọn, wọ́n á gbé e lọ sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì ń lọ sí olú ìjọ. Ọ̀tọ̀ ni ọrẹ ààwẹ̀: ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì sílẹ̀, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ ṣe ìrànwọ́ fún aláìní. Èyí ni bíṣọ́ọ̀bù lè fi san owó ilé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, títí di òní kò dárúkọ ẹnì kan fún mi.

Ẹni tó bá wá ní "kò sí ẹni tó ń gbowó nínú ìjọ náà" kò sọ òótọ́. Àwọn àgbà ìjọ ní Salt Lake City ń gba owó ìgbọ́bùkátà. Olùkọ́ sẹ́mínárì àárín ọjọ́ ilé ìwé ní Utah, irú èyí tí ọmọ yín fẹ́ lọ bá, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni. Àwa tí kò gbowó ni àwa tó ń kọ́ sẹ́mínárì ní ìdájí, kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sí ẹjọ́ nípa owó rí: ní February 2023, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé wọn, mílíọ̀nù mẹ́rin lórí ilé iṣẹ́ Ensign Peak tó ń bá ìjọ náà tọ́jú owó, mílíọ̀nù kan lórí ìjọ fúnra rẹ̀, nítorí pé wọ́n fi orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bo iye ìpín tí wọ́n ní. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Mo ṣì ń san ìdámẹ́wàá mi, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ohun tí wọ́n ṣe dára.

* * *

ÌDÁHÙN KARÙN-ÚN

Ẹnì kan láti Dallas ní òun kórìíra sẹ́mínárì ìdájí, ó ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ. Mo kọ́ ọ fún ọdún mẹ́fà, mo sì gbà pé òtítọ́ wà nínú ohun tó sọ.

Níbi tí ọmọ ìjọ kò ti pọ̀ tó láti kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, ìdájí ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. California ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ní wọ́ọ̀dù wa, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn. Òkùnkùn ṣì kùn. Àwọn ọmọ á wọlé pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Mo máa ń se ẹyin, mo máa ń din dòdò nígbà mìíràn, torí mo ti mọ̀ pé ọmọ tí ebi ń pa kò ní gbọ́ Àìsáyà. Ọmọ kan wà tó máa ń fi Bíbélì ṣe ìrọ̀rí. Mo fi í sílẹ̀ kó sùn. Ní ọdún kẹta ni mo tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, òun ló ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ títí di aago méjìlá. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ó wá sùn lọ́dọ̀ wa torí ibẹ̀ nìkan ni kò ti sí ẹni tí yóò jí i.

Ẹni tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wá ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí a ń kọ́ni, kó ka ìwé tó yẹ, kó sì yege ìdánwò. Ọmọbìnrin mi kò lè bá a débẹ̀. Ní ọdún kejì, máàkì rẹ̀ ní ilé ìwé já wálẹ̀, orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Mo ń fipá mú un, torí olùkọ́ ni mí, kí làwọn èèyàn máa sọ? Bàbá rẹ̀ ló ní, "Fi ọmọ yìí sílẹ̀ kó sùn." A ní kó máa ka ìwé náà nílé, kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ní Èkó, wọ́ọ̀dù wa mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè la gosiloo kọjá kí ilé ìwé tó wọlé, Sátidé ni a ń ṣe tiwa. Ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ yẹn kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni.

Ìyá wa ti Utah, ti yín bọ́ lọ́wọ́ èyí. Àárín ọjọ́ ni tiwọn, ọmọ á sùn dáadáa.

* * *

ÌDÁHÙN KẸFÀ

Mo ti ń retí kí ẹnì kan béèrè nípa ọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹni tó béèrè sì ti fi èébú sí i. Jẹ́ kí n yọ èébú kúrò, kí n dáhùn ohun tó kù: ṣé òótọ́ ni pé ìjọ náà ya àwa dúdú sọ́tọ̀ nígbà kan?

Òótọ́ ni. Láti 1852, nígbà tí Brigham Young ń darí ìjọ, títí di June 1978, ìjọ náà kò fi oyè àlùfáà, èyí tí àwọn ọkùnrin ìjọ yòókù ń gbà, fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, àwọn obìnrin wa náà kò lè gba ìlànà tẹ́ḿpìlì, ilé mímọ́ tó yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Àìkú. Ní gbogbo ìgbà yẹn àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, pàápàá lápá ìlà oòrùn, ti ka ìwé wọn, wọ́n ti kó ara wọn jọ, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City pé kí wọ́n wá. November 21, 1978 ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna àti àwọn mìíràn ní Imo, èèyàn 19 lọ́jọ́ kan. Ní 2005 wọ́n ya tẹ́ḿpìlì sí mímọ́ ní Àbá. Ní December 2013, ìjọ náà tẹ ìwé kan jáde pé àwọn kò fara mọ́ gbogbo àlàyé àtijọ́ wọ̀nyẹn mọ́, pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe àmì ègún.

Kí ló kan ọmọ yín nínú ìyẹn? Ó lè jẹ́ òun nìkan ni ọmọ dúdú nínú kíláàsì náà. Ọ̀rọ̀ yìí á jáde lọ́jọ́ kan. Nígbà tó jáde nínú kíláàsì tèmi, ọmọ funfun kan ló béèrè, àwọn yòókù sì yí ojú sí ọmọbìnrin mi bí ẹni pé òun ló yẹ kó dáhùn. Mo ní, "Ẹ wo èmi. Èmi ni olùkọ́." Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, pẹ̀lú ọdún àti gbogbo rẹ̀. Wákàtí kan kò tó wa lọ́jọ́ yẹn. Olùkọ́ mìíràn ì bá yí ojú ìwé lásán. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ lọ rí olùkọ́. Ẹ bi í ní ìbéèrè yìí gan-an, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bó ti ń dáhùn.

* * *

ÌDÁHÙN KEJE

Àwọn kan ní "wọn kì í ṣe Kristẹni, ẹ sá." Kúkúrú ni mo fẹ́ fi dáhùn: a gba Jésù gbọ́, a ń gbàdúrà lórúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gba Mẹ́talọ́kan bí ìwé ìgbàgbọ́ Áńgílíkà ṣe kọ ọ́, a ní ìwé mímọ́ mìíràn, a sì ń tún èèyàn rì bọmi bó bá tilẹ̀ ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ìyá tó bá rò pé ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọmọ òun kò ṣẹ̀ mí. Ti ìyàwó púpọ̀ tí àwọn kan tún ní a ń fẹ́, ní 1890 ni ìjọ náà ti kéde pé òun fi í sílẹ̀, ẹni tó bá ṣe é lónìí wọ́n á yọ ọ́.

Ẹ padà sórí ọmọ. Tí ẹ bá lọ, ẹ wo ilẹ̀kùn kíláàsì bóyá ó ní gíláàsì. Ẹ béèrè ẹni tó wà ní tòsí tí olùkọ́ bá ń kọ́ni. Nínú kíláàsì ọjọ́ Àìkú, ìlànà wọn ni pé àgbàlagbà méjì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹni tó bá sì ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ nípa ààbò wọn. Láti 2019 ni ti ẹ̀kọ́ ààbò náà. Tí bíṣọ́ọ̀bù bá ní òun fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti jókòó níbẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ lè ní kí òbí tàbí àgbàlagbà mìíràn wọlé pẹ̀lú òun. Nígbà tí ọkọ mi wà nípò, mo sọ fún un pé gbogbo ọmọbìnrin tó bá wọ ọ́fíìsì yẹn, kí ìyá rẹ̀ wà lórí àga. Àwọn kan bínú. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tú u sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún àlùfáà tiyín náà. Kí ọmọ mọ ohun tí ilé rẹ̀ gbà gbọ́ kó tó lọ gbọ́ ti ilé ẹlòmíràn.

* * *

ÌYÁ ỌMỌ NÁÀ PADÀ WÁ

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ lánàá. Olùkọ́ náà gbé àga fún mi, ó fi kíláàsì hàn mí, gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn. Mo bi í ní ìbéèrè 1978 yẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "A ṣàṣìṣe sí àwọn èèyàn yín, màmá." Mi ò retí ìyẹn. Mo bi í bóyá ọmọ mi máa lè sọ pé òun kò gbà nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá dé ilé ìwé. Píríọ́dù kọ̀ǹpútà ni ó máa fi sílẹ̀! Ọmọ yìí ti ń kọ géèmù tirẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí mo sọ fún un, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní òun kò mọ̀ pé èyí ni wọ́n máa yọ. Ó rò ó di alẹ́, ó wá ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun máa lọ kí òun dá wà. Kí ni kí n ṣe báyìí?

* * *

ÌDÁHÙN ÌKẸYÌN

Ẹ fi fọ́ọ̀mù náà sínú àpótí. Ẹ jẹ́ kó ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn dókítà eyín. Ẹ bi í ní ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń pàdé láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, alẹ́ Ọjọ́rú ni. Kò gba fọ́ọ̀mù, kò gba máàkì. Nígbà mìíràn wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù alájù-sápẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà mìíràn wọ́n á lọ bá opó kan kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á gbàdúrà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀sìn tó wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sọdá títì, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wà.

Ẹ bá a lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má jókòó sínú mọ́tò, ẹ wọlé. Tí ẹ bá ráyè, ẹ din púfù-púfù dání, kó pọ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn máa ń jẹun bí eéṣú, tí wọ́n bá sì ti jẹ púfù-púfù yín tán, orúkọ ọmọ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ pè ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e.